Orin Àwẹ̀ró Tí Mo Lé Wọ Igbó Mákọrin

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tó bá ní ìkòkò lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó padà wá, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ bíbí Òkè-Agbọ̀n. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárín ọdún kan. Èmi ni ẹkùn rí létí odò, tó sáré mu omi tirẹ̀ tán, tó sì yà fún mi. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹkùn náà. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti ẹran tí mo pa. Ìtàn ìwà òmùgọ̀ mi ni, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ igbó láyé mi láìjẹ́ pé ẹran ni mò ń wá, ìrìn àjò náà ni mo sì ti sunkún jù.

Ìyàwó mi ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Kò sí iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe tí kì í fi orin sí. Bó bá ń gbálẹ̀, orin ni. Bó bá ń gúnyán, ọmọ odó ni yóò máa gbe orin náà. Bí àwọn obìnrin bá sì kó ẹyìn sínú kòtò tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ fún epo, òun ni wọn yóò fi sáàárín, nítorí bó bá ti dá orin, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn náà pẹ̀lú ijó, iṣẹ́ tó yẹ kó gba gbogbo ọjọ́ á parí kí oòrùn tó kan àtàrí. Èmi náà, bí mo bá ń bọ̀ láti igbó, tí ẹrù ẹran ti fẹ́ ṣẹ́ mi lọ́rùn, tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹrù náà á fúyẹ́. Mo rò pé agbára mi ni. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe gọ̀ tó: odindi ọdún méje ni mo fi ń yin ara mi fún un.

Lẹ́yìn náà ni Àwẹ̀ró bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì. Gbogbo yín mọ àṣà wa. Ìyá ìbejì gbọ́dọ̀ gbé àwọn ọmọ rẹ̀ jó káàkiri ìlú, kó máa kọrin wọn láti ojúlé dé ojúlé, kí àwọn èèyàn sì máa fún wọn ní ẹ̀wà, epo àti ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn. Inú àwọn ọmọ náà á máa dùn, wọn á sì fẹ́ràn láti dúró. Lọ́jọ́ kan, mo ń bọ̀ láti oko ọdẹ, ó ti di ọjọ́ kẹrin tí n kò rí ọ̀kẹ́rẹ́ pàápàá pa. Mo gba iwájú ilé Akínbọ̀dé kọjá, ọdẹ tí èmi àti òun jọ ń du ipò nínú ẹgbẹ́. Àwẹ̀ró ló wà níbẹ̀ tó ń jó, Táyé lẹ́yìn, Kẹ́hìndé láyà, gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Akínbọ̀dé rí àpò mi tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ó bu ẹ̀wà sínú igbá ìyàwó mi, ó ní, “Ọdẹ́rìnlọ, ìyàwó rẹ ti ń bá ọ wá ohun tí o kò rí pa.” Ẹ̀rín sọ. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà tí a délé, mo pe Àwẹ̀ró. Mo ní, “Láti òní lọ, n kò fẹ́ gbọ́ orin lẹ́nu rẹ mọ́, n kò sì fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ nínú ijó. Ìyàwó ọdẹ ni ọ́, o kì í ṣe alágbe.” Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mo gbọ́, Baba Ìbejì.” Kò bá mi jà, kò sì rojọ́. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bá mi jà.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbálẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, ìdọ̀tí sì kù sí igun ilé. Ó gúnyán ní ìdákẹ́jẹ́, iyán náà kún fún kókó. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ìbejì ò mu ọmú dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n ń ké láti òwúrọ̀ di alẹ́. Lọ́jọ́ keje, wọn kò ké mọ́, ìgbà náà gan-an ni ẹ̀rù bà mí. Mo sáré pe Ìyá Ládùntán, ìyá agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí wọn. Ó tẹ ọmú Àwẹ̀ró wò, kò sí omi kankan níbẹ̀. Ó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, èmi ni mo jẹ́wọ́. Ìyá náà ní kí n tọrọ àforíjì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mo ní kó jọ̀wọ́, kó kọrin, kó jó, kó dé ilé Akínbọ̀dé ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́ tó bá wù ú. Ó la ẹnu. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó tún gbìyànjú, omi dà lójú rẹ̀, ó ní, “Kò sí níbẹ̀ mọ́.”

Ìyá Ládùntán wá pè mí sí ẹ̀yìn ilé. Ó ní, “Ọdẹ́rìnlọ, orin náà ti kúrò lára rẹ̀. Ó ti lọ sí Igbó Mákọrin, níbi tí gbogbo orin tí wọ́n lé nílé ń lọ. Màá máa fi omi ẹ̀kọ kán àwọn ọmọ yìí lẹ́nu. Wọ́n á dúró di ọjọ́ karùn-ún sí òní. N kò lè ṣèlérí ọjọ́ kẹfà.”

Kí oòrùn tó yọ ní ọjọ́ kejì ni mo ti wà lójú ọ̀nà, pẹ̀lú ìbọn mi, àdá mi àti gàrí díẹ̀. N kò ní fi ìrìn tí mo rìn dà yín láàmú. Ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kanlẹ̀, ìrìn ọjọ́ méjì ni mo fi ọjọ́ kan àbọ̀ rìn. Nígbà tí mo wọ inú Igbó Mákọrin, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé àwọn ẹyẹ ń la ẹnu lórí igi, ọ̀fun wọn ń mì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan. Odò ń ṣàn lórí òkúta láìdún. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá wà nínú igbó rí, ẹ mọ̀ pé ariwo igbó ni ẹgbẹ́ ọdẹ. Níbẹ̀, mo ń gbọ́ ìlù ọkàn ara mi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń lù ú. Mo ń ronú kan àwọn ọmọ mi, mo sì ń yára.

Mo rí òkìtì ikán kan láàárín ọ̀nà, ó ga tó ènìyàn. Bí mo ṣe fẹ́ yà fún un ni ojú méjì là nínú rẹ̀. Mo gbé ìbọn sókè. Òkìtì náà ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu, ọdẹ bíi tèmi ni òun tẹ́lẹ̀, Ọdẹ́gbèyí ni orúkọ òun. Ó ní orin ìyá òun ni òun wá, òun dé ibi tí òun wà yìí, ilẹ̀ gbá òun lẹ́sẹ̀ mú, òun sì ń jà títí ikán fi mọ ilé bo òun. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé. Ilẹ̀ ti mu mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo fi àdá gbẹ́ ẹ, kàkà kó tú mi sílẹ̀, ó mu mí dé agbede ojúgun. Mo fi gbogbo agbára tí mo fi pa ẹfọ̀n fa ara mi, ó mu mí dé orúnkún. Àwọn ikán ti ń kó amọ̀ bọ̀.

Mo bi Ọdẹ́gbèyí pé kí ni ènìyàn fi ń jáde níbí. Ó ní, “Ijó ni. Ẹni tó bá jó ni ilẹ̀ yìí ń tú sílẹ̀. Èmi kò jó rí láyé mi, mo kà á sí iṣẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Nígbà tí mo wá fẹ́ jó, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi náà kò jó rí. Nígbà ìgbéyàwó mi pàápàá, mo dúró gbagidi bí òpó, mo ní ọdẹ kì í mì. Mo wá inú orí mi títí, n kò rí ijó kankan níbẹ̀. Amọ̀ ti dé itan mi. Ìgbà náà ni mo rántí Àwẹ̀ró nínú kòtò epo, bó ṣe máa ń tẹ ẹyìn: ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, tòsì lẹ́ẹ̀kan, kó yí ìdí, kó tún tẹ ọ̀tún. N kò lè gbé ẹsẹ̀, mo fi èjìká bẹ̀rẹ̀. Mo yí ìdí. Lójú kan náà, amọ̀ rọ̀ bí iyẹ̀fun, ẹsẹ̀ mi yọ. Mo ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ń sunkún, mo ń jó, òógùn bò mí, àmọ́ láàárín gbogbo ìdààmú náà, ohun kan bíi ẹ̀rín gun àyà mi. Ó yà mí lẹ́nu. Ara mi fúyẹ́ bíi ti ọmọdé. Mo bi ara mi pé ṣé ohun tí àwọn obìnrin yìí ń jẹ gbádùn lójoojúmọ́ nìyí tí èmi ń fi imú fínlẹ̀ wá ẹran kiri? Mo kọ́ Ọdẹ́gbèyí ní ijó náà. Nígbà tí mo kọjá, èjìká rẹ̀ ti ń mì díẹ̀díẹ̀, amọ̀ sì ń já bọ́ lára rẹ̀. N kò lè dúró de ìparí rẹ̀, ọjọ́ ti ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo dé iwájú ẹni tó ni igbó náà. Ó jókòó sábẹ́ igi ìrókò, etí ló wọ̀ bí aṣọ. Etí wà ní èjìká rẹ̀, etí wà ní ikùn rẹ̀, ó wà ní orúnkún, ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, kékeré àti ńlá, gbogbo wọn sì ń gbọ̀n jìnnìjìnnì bí mo ṣe ń mí. Ó ní Agbetíwọ̀ ni òun ń jẹ́. Akèrègbè tò síwájú rẹ̀, ó dí gbogbo wọn lẹ́nu. Ó ní orin tí wọ́n lé nílé ló wà nínú wọn, oúnjẹ òun ni. Mo ní ti Àwẹ̀ró ni mo wá gbà. Ó nawọ́ sí akèrègbè kẹta. Ó ní òun á bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta, bí mo bá ṣì í, òun á mu ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí èkínní.

Ó ní, “Ta ló bá ìyàwó rẹ gúnyán tí kò jẹ níbẹ̀?” Mo ní bóyá àlejò tó ti yó ni. Ó gbé akèrègbè kìíní, ó mu ún gbẹ, mo gbọ́ ohùn arúgbó kan tó kígbe lọ sínú ọ̀fun rẹ̀. Ó ní, “Ta ló ń rẹ ọmọ rẹ sùn tí kò ní apá?” Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Ó mu ìkejì. Ó wá gbé ọwọ́ lé ìkẹta, ó ní, “Ta lo lé jáde tí kò di ẹrù, tí ilé rẹ sì ṣófo?”

Mo wólẹ̀. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń dáhùn. Mo ní, “Orin ni. Orin ni gbogbo wọn. Òun ló ń bá a gúnyán. Òun ló ń rẹ ọmọ mi sùn. Òun ló ń gbé ẹran kúrò lórí mi tí mò ń pè é ní agbára. Mo lé e nítorí pé wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Jọ̀wọ́, àwọn ọmọ mi ń kú lọ.”

Gbogbo etí ara rẹ̀ dẹ́kun gbígbọ̀n. Ó ní ìdáhùn mi tọ̀nà, ṣùgbọ́n òun kì í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fún un ní ìbọn mi, ó kọ̀. Mo fún un ní apá ọ̀tún mi, ó kọ̀. Ó ní, “Etí rẹ ni mo fẹ́, apá tó ń gbọ́ orin níbẹ̀. Wàá máa gbọ́ ọ̀rọ̀, wàá máa gbọ́ ẹran, wàá máa gbọ́ ẹkún. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dá orin, ìdákẹ́jẹ́ ni wàá gbọ́.” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gba etí kan, kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó ní òun kì í ya etí. Ohun tó ṣe fún mi ni pé ó ṣí akèrègbè náà díẹ̀, kí n lè gbọ́ ọ nígbà ìkẹyìn. Orin tí Àwẹ̀ró fi ń gbálẹ̀ láràárọ̀ ni:

Ilẹ̀ mi mọ́ tónítóní,
Ẹni tó re igbó ń bọ̀ wálé,
Kó wá bá omi tútù nínú àmù.

Mo ti gbọ́ orin yìí fún ọdún méje, n kò sì fetí sí i rí. Èmi ló ń kọ ọ́ fún. Mo ní kó mú un. Ó fi èékánná méjì fa nǹkan kan bí òwú jáde nínú etí mi, kò dùn mí rárá, ìyẹn ló sì bà mí nínú jẹ́ jù. Ó wá da orin náà sí mi lẹ́nu. Ó ní n kò gbọdọ̀ la ẹnu títí màá fi dé ẹ̀bá etí ìyàwó mi, bí mo bá là á, ó tán nìyẹn.

Ẹ wo wàhálà! Èmi tí n kì í dákẹ́ bí mo bá ń bọ̀ láti ìrìn àjò. Agbọ́n ta mí ní ẹ̀ẹ̀meje létí odò, mo ń jà pìtìpìtì láìké. Ẹfọ̀n kan lé mi, mo gun igi, mo wà lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú tó sì mọ́, n kò sì lè pariwo kí n fi lé e lọ. Ọjọ́ kẹrin kọjá báyìí lórí mi. Nígbà tí ẹfọ̀n náà lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo sáré títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde lẹ́sẹ̀ mi. Lẹ́nu bodè ìlú, mo pàdé bàbá Àwẹ̀ró, àna mi. Ó kí mi. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dáhùn. Ó tún kí mi, mo dìde, mo sá lọ. Ẹ rò ó wò, kí àna ẹni kíni kéèyàn má dáhùn! Mo ń gbọ́ tó ń bi àwọn tó wà níbẹ̀ pé ṣé èmi ni mò ń tẹ́ńbẹ́lú òun bẹ́ẹ̀, níwájú gbogbo ayé.

Mo wọlé. Ìyá Ládùntán jókòó, ó na àwọn ìbejì sí itan, wọn kò mira. Mo rò pé ó ti parí. Mo fẹ́ ké, ẹnu mi ti fẹ́ là tán kí n tó rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ Táyé tó mì díẹ̀ báyìí. Mo rá dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró tó kọjú sí ògiri, mo fi ẹnu mi sí etí rẹ̀, mo là á.

Mo rí ọ̀fun rẹ̀ tó mì. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ṣí. Mo rí Ìyá Ládùntán tó fi gèlè nu ojú. Kẹ́hìndé yí orí sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà Táyé. Àwọn aládùúgbò sáré wọlé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Gbogbo ilé ló gbọ́, àfi èmi. Àwẹ̀ró gbé àwọn ọmọ, omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀, wọ́n sì mu, wọ́n mu títí wọ́n fi sùn. Mo jókòó nílẹ̀, mo ń sunkún ayọ̀ àti ìbànújẹ́ pọ̀, n kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Nígbà tí ara wọn mókun, èmi ni mo pọn Táyé. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ọdẹ. A jó yí ìlú ká, a dúró pẹ́ níwájú ilé Akínbọ̀dé. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró ni mò ń wò kí n tó gbé tèmi, nítorí náà ijó mi máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ti gbogbo èèyàn, àwọn ọmọdé sì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Akínbọ̀dé náà rẹ́rìn-ín, ó jáde, ó bá wa jó. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń jágbe mọ́ ìyàwó àti ọmọ yín pé kí wọ́n dákẹ́, pé orin wọn ń dí yín lọ́wọ́, mo fẹ́ kí ẹ wo etí mi yìí dáadáa.

Ní àárọ̀ òní, Àwẹ̀ró ń gbálẹ̀, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ń lọ. Mo bi í pé èwo ló ń kọ. Ó ní tuntun ni, òun fi mí sínú rẹ̀. Mo ní kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó sọ ọ́, ó wá mi orí, ó ní tí òun bá sọ ọ́ lẹ́nu lásán, kò jọ ara rẹ̀. Ó fà mí mọ́ra, ó mú àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gbé e lé ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ohùn ti ń dún, ó ní kí n dúró, òun á tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tẹríba tó ń gbálẹ̀, tí èmi ń tẹ̀ lé e káàkiri àgbàlá, ọwọ́ mi lẹ́yìn rẹ̀, tí ohùn náà ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi, títí gbogbo ilẹ̀ fi mọ́.